Téèpù Méjì, Orin Kan: Ìgbasílẹ̀ "Strawberry Fields Forever"

Bí ẹgbẹ́ olórin Beatles ṣe lo nǹkan bí oṣù kan lórí "Strawberry Fields Forever" kì í ṣe nítorí pé wọn kò lè kọ ọ́, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní, 24 Oṣù Kọkànlá ọdún 1966, ni ẹ̀dà kan tó dùn ún gbọ́ ti wà lórí téèpù ní sítúdíò EMI ní Abbey Road nílùú London. Ohun tó fà á ni pé John Lennon, tó ṣẹ̀dá orin náà ní Almería lórílẹ̀-èdè Spéènì lásìkò tó ń kópa nínú fíìmù kan, kò tíì mọ ibi tó fẹ́ kí orin náà gbé olùgbọ́ dé. Ẹgbẹ́ náà sì ti ṣíwọ́ eré orí ìtàgé láti Oṣù Kẹjọ, nítorí náà kò pọn dandan mọ́ pé kí ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ṣeé kọ lójú èrò.

Ìgbìyànjú keje jẹ́jẹ́. Mellotron ló ṣáájú rẹ̀, ìyẹn dùùrù kan tó jẹ́ pé téèpù tí wọ́n ti gba ohùn fèrè àti àwọn ohun èlò mìíràn sí ló ń dún bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ìgbìyànjú kẹrìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n ṣe ní Oṣù Kejìlá, le, ó sì yára. Ìlù ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú trumpet mẹ́rin àti gòjé ńlá mẹ́ta tí à ń pè ní cello, tí George Martin, olùdarí ìgbasílẹ̀ wọn, ṣètò. Lennon fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ó fẹ́ ìparí ti èkejì, ó sì ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyára wọn kò dọ́gba, ohùn wọn kò sì bára mu.

Lórí téèpù, ìyára àti gíga ohùn kì í yara wọn: bí téèpù bá ṣe ń falẹ̀ ni ohùn ń wálẹ̀. Nítorí pé èyí tó yára jù náà ni ohùn rẹ̀ ga jù, Martin àti onímọ̀ ẹ̀rọ Geoff Emerick dẹ ìyára rẹ̀, ìgbìyànjú méjèèjì sì bára pàdé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sínú orin náà. Oríire ni ọ̀pọ̀ máa ń pe èyí, oríire náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìdẹ̀ yẹn ṣe sí ohùn Lennon ló yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí, nítorí pé lẹ́yìn ojú ìsopọ̀ náà, ohùn rẹ̀ ki, ó wúwo bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi irú ohùn yẹn kọrin ní sítúdíò rí. Nígbà tí ìgbìyànjú keje jáde lódindi nínú àwo Anthology 2 lọ́dún 1996, ó hàn pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ náà ló gbé e lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ìdààmú tó wà nínú ọ̀rọ̀ orin náà kò sì rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀.