Èèpo Èso Lọ́wọ́ Ìyá Arúgbó: Àyẹ̀wò Ìwé Lẹ́tà tí Lady Mary Kọ láti Ilẹ̀ Tọ́kì

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó dé oko bàbá ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Lady Mary Wortley Montagu. Ọdún 1689 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1762. Ní 1716, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ rẹ̀ ṣe ikọ̀ sí ọ̀dọ̀ Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Obìnrin náà kò dúró sílé. Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré dání, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Wọ́n gba orí ilẹ̀ la Yúróòpù kọjá títí wọ́n fi dé ìlú Edirne ní 1717, wọ́n sì dé Istanbul lẹ́yìn náà. Àwọn lẹ́tà tó kọ nípa ìrìn-àjò yìí, tí òun fúnra rẹ̀ tún tò jọ, ni wọ́n tẹ̀ jáde bí ìwé ní 1763, lẹ́yìn tó ti kú.

Kí ìwé yìí tó dé, àwọn ọkùnrin Yúróòpù ló sábà máa ń kọ̀wé nípa obìnrin Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin àlejò kò lè wọ iyàrá àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ohun tí ojú wọn kò rí ni wọ́n ń kọ. Lady Mary wọlé. Ó jókòó, ó jẹun, ó mu kọfí, ó fọwọ́ kan aṣọ, ó béèrè ọ̀rọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí pàápàá, ó ti dé sí ilé ọ̀mọ̀wé kan ní Belgrade, Achmet Beg ló pè é, tó ń bá a jẹun alẹ́ tó sì ń túmọ̀ ewì Lárúbáwá fún un. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní kéwú, ibẹ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán an díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé onílé, kó kọ́kọ́ jókòó níwájú olùkọ́.

Ohun tó dára jù nínú ìwé náà, lójú tèmi, ni bí ó ṣe ń wo nǹkan ọwọ́ àwọn obìnrin. Ó dá aṣọ Tọ́kì fún ara rẹ̀, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin nílé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣòkòtò gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, tí wọ́n fi dámásíkì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ rán, tí wọ́n fi fàdákà ṣe òdòdó sí lára. Bàtà rẹ̀ jẹ́ awọ funfun tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ sí. Ẹ̀wù ṣẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lábẹ́, kaftan wà lókè, ìgbànú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin sì wà ní ìdí. Ẹni tó lówó á fi dáyámọ́ńdì bo ìgbànú yìí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dárà sí i. Ayàwòrán kan, Jean-Baptiste Vanmour, ya àwòrán òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Àwòrán náà wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn. A máa padà bá a.

Ó tún lọ kí obìnrin kan ní Edirne, Fátíma, aya igbá-kejì Vizier àgbà. Kọfí ni wọ́n fi ṣe é lálejò, nínú ife tánganran ilẹ̀ Jàpáànù, lórí àwo kékeré onífàdákà tí wọ́n fi wúrà bò. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rìn! Ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì ni kọfí ti ń wá nígbà náà. Ife gba orí òkun láti ìlà-oòrùn ayé. Awọ ẹranko onírun tí wọ́n ń wọ̀ nígbà òtútù wá láti àríwá, láti ìhà Rọ́ṣíà. Obìnrin tí Yúróòpù rò pé wọ́n tì mọ́lé, gbogbo ayé ló ń wá bá a lórí ìjókòó rẹ̀.

Nínú lẹ́tà mìíràn, ó fi àpò kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ìwé kíkọ nínú rẹ̀. Péálì kan, kànáfùrù, òdòdó, èédú, ọṣẹ, koríko gbígbẹ àti àwọn nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀, gbólóhùn ewì kan sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá mú wọn jáde lẹ́sẹẹsẹ ti ka lẹ́tà ìfẹ́ tán. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ya ẹnu sí i. Àwa tí bàbá wa ń pàrokò síra wọn kò ní ya ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí kànáfùrù yẹn: orúkọ Lárúbáwá ló ń jẹ́ lẹ́nu wa títí dòní. Erékùṣù Maluku ní ìlà-oòrùn ayé ló ti ń hù, ó sì ti ọwọ́ oníṣòwò bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò kó tó di ọ̀rọ̀ nínú àpò obìnrin kan ní Istanbul.

Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín jù ni ilé ìwẹ̀ gbígbóná ní Sofia. Àwọn obìnrin ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé kó bọ́ra kó wá wẹ̀. Nígbà tó ṣí ẹ̀wù rẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí kọ́ṣẹ́ẹ̀tì, aṣọ líle tí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi ń fún ara wọn pinpin láti àyà dé ìdí. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n rò pé ọkọ rẹ̀ ló fi nǹkan yẹn tì í pa, tí kò sì lè ṣí i fúnra rẹ̀. Àwọn tí Yúróòpù ń káàánú fún nítorí ìbòjú ló wá ń káàánú fún obìnrin Yúróòpù nítorí aṣọ tirẹ̀!

Kì í sì í ṣe ẹ̀rín lásán. Lady Mary kọ ọ́ pé àwọn obìnrin olówó ilẹ̀ Tọ́kì ló ni owó wọn lọ́wọ́ ara wọn, pé bí ìgbéyàwó bá tú, wọ́n á kó o lọ. Nígbà yẹn, lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, owó àti ẹrù obìnrin di ti ọkọ ní ọjọ́ tó bá ti wọlé ọkọ, àfi bí ìdílé rẹ̀ bá ti ṣe àdéhùn ọ̀tọ̀. Òfin 1870 àti ti 1882 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà. Súrà Nísáì ti la ìpín obìnrin nínú ogún sílẹ̀ láti ìgbà Ànábì wa, sàdáàkì sì jẹ́ ti obìnrin, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tètè yangàn. Ẹ bi ara yín léèrè, opó mélòó ní àdúgbò wa ni àwọn ẹbí ọkọ ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé? Ẹ̀tọ́ tó wà nínú Àlùkùránì tí kò sí nínú ilé, ẹjọ́ wa ni.

Ìwé náà ní àléébù, n kò sì ní bò ó. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìbòjú bí ohun tí obìnrin fi ń bo ìrìn ìkọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ má bàa mọ̀. Ojú àlejò tó ń wá ìtàn adùn ló fi wo ìyẹn. Ó kọ ọ́ pé lójú wa, obìnrin tó bá kú láìlọ́kọ kú sínú ègbé. Irọ́ ni. Ta ni kò gbọ́ nípa Rábíátù Adáwíyà ará Básírà, ẹni tí ìtàn sọ pé kò lọ́kọ, tí àwọn wòlíì Ọlọ́hun sì ń fi orúkọ rẹ̀ búra ìfọkànsìn? Ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹrú. Ó ní ìsìnrú ilẹ̀ Tọ́kì kò burú ju iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ibòmíràn lọ. Kò bi àwọn ẹrúbìnrin tó ń gbé àwo kọfí wá bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú tiwọn. Ẹ sì wo ohun tí àwọn tó kà á fi ìwé rẹ̀ ṣe. Ayàwòrán ilẹ̀ Faransé kan, Ingres, tí kò dé ilẹ̀ Tọ́kì rí, da ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn kọ, ó sì parí àwòrán àwọn obìnrin oníhòòhò ní 1862. Kọ́ṣẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Ó mú ìhòòhò, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Àléébù tó dùn mí jù ni ti orúkọ. Nígbà tó lọ kí Hafise, opó Sultan Mustafa Kejì, ó ka òkúta olówó iyebíye ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣírò pé ohun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ju 100,000 pọ́n-ùn lọ. Àwọn àgbà wa ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ohun tó níye lórí jù lọ tí Lady Mary rí ní gbogbo ilẹ̀ Tọ́kì kò sí lára Hafise. Inú èèpo èso ló wà, lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan.

Ìgbóná, tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣọ̀pọ̀ná, ti pa àbúrò Lady Mary ọkùnrin ní 1713. Ó mú òun náà ní 1715, ó fi àpá sí ojú rẹ̀, ó sì kó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ. Ní Edirne ní 1717, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sarah Chiswell, pé àrùn tó ń pa wọ́n nílé kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bí oṣù kẹsàn-án bá dé tí ooru rọlẹ̀, àwọn ìdílé á kó ara wọn jọ. Ìyá arúgbó á dé pẹ̀lú èèpo èso, bí ìlàjì èèpo àsálà wa, tí oje ìgbóná kún inú rẹ̀. Á fi abẹ́rẹ́ la iṣan ara, á fi ìwọ̀n oje tí orí abẹ́rẹ́ lè gbà sí i, á fi èèpo kékeré bo ojú rẹ̀, á sì dì í, bí ìgbà tí wọ́n bá sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn. Ọmọ á máa ṣeré títí di ọjọ́ kẹjọ, ibà á mú un ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó tán. Kì í ṣe pé kò léwu rárá, nítorí àwọn kan kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìgbóná fúnra rẹ̀ ń pa pọ̀ ju ìyẹn lọ púpọ̀púpọ̀.

Ní oṣù kẹta 1718, ó ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ inú àwòrán yẹn. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ará Gíríìkì ṣe apá kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Dókítà Maitland fi irin tirẹ̀ ṣe apá kejì. Ní 1721, nígbà tí ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ní 1722, wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin méjì tí aya àrẹ̀mọ ọba bí. Ní 1721 yẹn kan náà, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ nítorí pé Onesimus, ẹrú kan láti Áfíríkà, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé wọ́n ti ṣe é fún òun nílé. Nígbà tó di 1796, Edward Jenner fi oje ìgbóná màlúù rọ́pò ti ènìyàn, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ṣẹ̀. Ní 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìgbóná ti kúrò láyé. Sarah Chiswell tó gba lẹ́tà yẹn kò ṣe é. Ìgbóná pa á ní 1726.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. A mọ orúkọ Fátíma, a mọ ti Hafise, a mọ ti dókítà. Orúkọ ìyá tó ni èèpo èso, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn kan sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1722, àlùfáà Edmund Massey wàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Dókítà William Wagstaffe kọ̀wé pé ọgbọ́n àwọn obìnrin òpè láti ilẹ̀ àwọn tí kò mọ̀wé ni, kò yẹ kó wọ ààfin. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí pé ilẹ̀ Mùsùlùmí ló ti wá. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá ilẹ̀ wa dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí wọ́n ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá, ó sì di 2020 kí wọ́n tó kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ayé ti kúrò ní Áfíríkà. Ní ilé-kéwú tí mo ti ń kọ́ni, ọjọ́ tí àwọn elétò ìlera dé, bàbá méjì wá fa ọmọ wọn jáde níwájú mi. Mo sọ ìtàn èèpo èso yìí fún wọn. Ọ̀kan dá ọmọ rẹ̀ padà. Èkejì lọ.

N kò lè bínú sí i tán, nítorí èmi náà kò ní mọ̀ bí n kò bá ka ìwé. Ṣùgbọ́n màmá mi ní àpá ìgbóná lójú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n darúgbó ni wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn mẹ́ta ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan lọ́jọ́ náà, àwọn nìkan ló dìde. Mo béèrè orúkọ àwọn méjì yòókù. Wọ́n rántí ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ ka ìwé yìí, ẹ fi ojú àríwísí kà á. Ẹ gba òótọ́ inú rẹ̀, ẹ kọ irọ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ bá ìyá ìyá yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí wọn, kí wọ́n mú nǹkan inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti wá, ẹni tó hun aṣọ, ẹni tó gbẹ̀bí wọn. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.