Ẹ Jẹ́ Kí Dùùrù Sinmi Díẹ̀

Mo kí ẹni tó ń ka ìwé yìí lórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sì kí ẹni tó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí kò ní dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ewì ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀, orin ni. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ ewì náà ni màá padà sí.

Orin jáàsì ni. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, oògùn ni wọ́n ń pè ní jáàsì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ílawẹ̀, ìlù òyìnbó tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ni jáàsì. Èyí tí mò ń sọ ni orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Nínú rẹ̀ náà, ẹ̀ka kékeré kan ni mo mú: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta. Ẹnì kan ń fọn sáksófóònù, ẹnì kan ń ta béèsì, ẹnì kan ń lùlù. Kò sí dùùrù, kò sí gìtá, kò sí akọrin. Ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ẹ rántí alẹ́ ewì wa tó kọjá, níbi tí mo ti ka ewì tí mo kọ fún bàbá àgbà mi tó ti lọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ẹnì kan ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa, ẹ ṣé o. Mo gbà á sórí fóònù, mo gbé e lọ sílé n'Ílawẹ̀, mo sì fi í létí ìyá àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ tán láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dùn o, ọmọ mi. Ta ni wọ́n ń kì?"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe Àkànní, oríkì ọkọ wọn, nínú ewì yẹn. Wọn ò gbọ́ ẹyọ kan. Ká fún mi ní òdo nínú ìdánwò, kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. (Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí o. Ohùn Èkìtì ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì ta mí létí jù báyìí lọ.)

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa rìnrìn àjò, ó lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀gá akọrin ń lágùn. Ta ni yóò gbé orin? Ni bọ̀dá tó ń fọn fèrè, káfíńtà ni wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yòókù, bá bọ́ síwájú pẹ̀lú ọmọ tó ń ta béèsì àti ọmọ tó ń lu jáàsì. Àwọn mẹ́ta péré. Orin àtijọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n mú. Ìyá àgbà tó ti ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá gbórí sókè. Bí fèrè bá ti sọ gbólóhùn kan, wọn á fi ẹnu wí i tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n ní, "Òní ni fèrè yẹn tó fọhùn." Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin kan náà ni, fèrè kan náà ni, ọdọọdún la sì ń gbọ́ ọ. Kí ló yí padà? Dùùrù ni kò sí níbẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ni ó yẹ kó kọ́kọ́ yé. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: dò, rè, mí. Fèrè kì í fọn ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnu èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ó lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ó lè yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ṣùgbọ́n dùùrù máa ń pe ohùn mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù, á sì na ọwọ́ rẹ̀ sórí gbogbo àlàfo. Ibi tí fèrè ti fẹ́ dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè wọlé, dùùrù ti dí i.

Ẹnì kan lè ní, fèrè ò lè sọ Àkànní, torí pé dò dò mí náà ni Àjàní, dò dò mí náà ni Àlàbí. Òótọ́ ni. Ìyáàlù pàápàá ò lè fi orúkọ kan ṣoṣo dá èèyàn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àyàn fi ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún orúkọ, á mú òwe tàbí oríkì tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí olùgbọ́ lè fi ọ̀rọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka èyí dáadáa, kó wá ìwé Akin Euba lórí ìlù dùndún, èyí tó jáde ní 1990. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, pé ohun tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun gan-an fi ń gbọ́ ohun tuntun. Òun ni mo fi ń gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ dárúkọ yìí.

Èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni Way Out West, ti Sonny Rollins. Oṣù kẹta 1957 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Los Angeles. Agogo mẹ́ta òru ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí pé iṣẹ́ kún ọwọ́ gbogbo wọn. Ray Brown ló ń ta béèsì, Shelly Manne ló ń lùlù. Orin àwọn darandaran Amẹ́ríkà tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀ ni Rollins mú, irú èyí tí wọ́n ń kọ nínú sinimá. Ìlù ló kọ́kọ́ wọlé, kò-kò, kò-kò, bíi pátákò ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni fèrè wá sọ orin yẹn tààrà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré. Ẹ ríi pé ọgbọ́n àyàn náà ni. Torí pé etí ti mọ orin, kò nílò dùùrù tó máa rán an létí ibi tó wà. Rollins á sọ díẹ̀, á dákẹ́, béèsì á máa rìn lọ, ìwọ fúnra rẹ á sì máa fi ọ̀rọ̀ sí ibi tó fi sílẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ń panilẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ó fúyẹ́ jù. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlọ́ náà fúyẹ́.

Èkejì ni A Night at the Village Vanguard, ti Rollins náà, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá 1957. Ilé fàájì abẹ́ ilẹ̀ kan ní New York ni Village Vanguard, èyí sì ni rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ lójú àwọn èrò. Wọ́n ṣe é lọ́sàn-án, wọ́n tún ṣe é lálẹ́. Ti alẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí Wilbur Ware wà nídìí béèsì tí Elvin Jones sì wà nídìí ìlù. Ẹ wá "Sonnymoon for Two". Gbólóhùn kúkúrú kan ni, ó wí i lẹ́ẹ̀kan, ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ nípa àwítúnwí nínú ọfọ̀, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ wò ó. Ó wí i títí tí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́. Elvin Jones kò sì jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń ka iye ìṣẹ́jú. Ó ń dá fèrè lóhùn ni, bí omele ti ń dá ìyáàlù lóhùn.

Ẹ̀kẹta ni Freedom Suite, 1958. Rollins náà ni, ẹ má bínú, òun ni bàbá ẹ̀ka yìí lójú tèmi. Oscar Pettiford ta béèsì, Max Roach lùlù. Orin kan ṣoṣo ló gba ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù náà pátá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn páálí rẹ̀, Rollins kọ ọ́ pé àṣà aláwọ̀ dúdú ni Amẹ́ríkà ń jẹ, síbẹ̀ aláwọ̀ dúdú náà ni wọ́n ń ni lára. Kò sí ẹnì kankan tó kọrin níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé etí. Ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, Max Roach ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù òmìnira tirẹ̀, We Insist!, ó sì pe Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, láti wá bá a lùlù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní jáàsì ò kàn wá, kó lọ ro ìyẹn. Kó sì tún ka "Airegin" láti ẹ̀yìn wá síwájú, orin tí Rollins kọ ní 1954. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ló máa rí.

Ẹ̀kẹrin le díẹ̀. Spiritual Unity ni, ti Albert Ayler, oṣù keje 1964, pẹ̀lú Gary Peacock nídìí béèsì àti Sunny Murray nídìí ìlù. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni "Ghosts" wà níbẹ̀. Orin rẹ̀ rọrùn bí orin ọmọdé, ṣùgbọ́n láìpẹ́ fèrè á bú sẹ́kún, ìlù ò sì ní ka iye kankan mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo pa á. Ìgbà kẹta ni mo rántí àwọn obìnrin tó ń dárò lọ́jọ́ òkú bàbá àgbà. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn ka ìlù. Ẹ má ṣe fi èyí bẹ̀rẹ̀ o, ẹ ó kàn máa bú mi ni.

Ẹ̀karùn-ún, ká kúrò láyé àtijọ́. Melissa Aldana, ọmọbìnrin ará Chile, gbégbá orókè nínú ìdíje Thelonious Monk ní 2013. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fi ohun èlò orin gba ipò yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé Melissa Aldana & Crash Trio jáde, pẹ̀lú Pablo Menares nídìí béèsì àti Francisco Mela nídìí ìlù. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń sọ fún pé fèrè kì í ṣe ti obìnrin, ẹ fi èyí dá wọn lóhùn.

Ìmọ̀ràn kan rèé: ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ. Ẹnu fóònù máa ń gbé béèsì mì, ẹni mẹ́ta á wá ku méjì, ẹ ó sì ní mo purọ́. Ẹ fi ìyẹ́tí gbọ́ ọ, èyí tí wọ́n ń tà ní ìta gbangba yẹn náà tó.

N kò ní kí a sọ dùùrù sígbó o. John Coltrane, tó kọ "Tunji" fún Olatunji yìí kan náà ní 1962, dùùrù McCoy Tyner wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni dùùrù tí kì í dákẹ́. A sì lọ́mọ tiwa nídìí fèrè. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì níbí, ló ṣe Super Afro Soul ní 1966, ó sì di olóògbé ní 2022. Lágbájá fi ìbòjú bojú, ó ń fọn fèrè láàárín gángan àti bàtá. Èrò pọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ kan ni fèrè irú wọn, ìyáàlù kan àti béèsì kan, kí wọ́n ti ìyókù mọ́ta.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni pé alẹ́ ewì wa ti tún ń bọ̀. Àbá tí mo mú wá ni pé kí a pa kíbọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ìlù, kó mú ẹyọ kan. Ẹ̀rù ń bà wá ni, ká má tan ara wa. A máa ń fi dùùrù bo ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́lẹ́. Èmi gan-an ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà ka ewì mi láìsí orin, mo rí ìlà mẹ́ta tí kò sọ nǹkan kan, mo sì yọ wọ́n.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ láti Adó lọ sí Ìlawẹ̀. Mo jókòó ti ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé, mo sì ka èyí tó kù fún wọn lẹ́nu lásán. Nígbà tí mo dé ibi Àkànní àkọ́kọ́, wọ́n mi orí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dá mi dúró.

Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ọyẹ́ ni."

Mo ti tún un kọ.