Ọdún 1235 àti Ẹjọ́ Soumaoro

Ọdún 1235 ni àwọn òpìtàn fi sí ogun Kirina, níbi tí Soundjata Keita ti ṣẹ́gun Soumaoro Kanté, ọba Sosso, tí ilẹ̀ ọba Mali sì ti bẹ̀rẹ̀. Ayé kò rọgbọ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún náà ni Ögedei, olórí àwọn Mongol, mọ odi yí Karakorum ká, tí òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sì pinnu láti ran ogun lọ sí ìwọ̀-oòrùn ayé. Nígbà tí yóò fi di 1236, Córdoba ti bọ́ sọ́wọ́ Ferdinand Kẹta, ọba Castile. Ṣùgbọ́n Córdoba ní akọ̀wé. Kirina kò ní. Ibn Khaldun dárúkọ Mari Djata tí ó ṣẹ́gun àwọn Sosso, kò dárúkọ ọdún. Maurice Delafosse, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé, ni ó fi ìṣirò gbé 1235 kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1912.

Ìwé tí ó gbé ìtàn náà dé ilé ẹ̀kọ́ ni Soundjata ou l'épopée mandingue, tí Djibril Tamsir Niane tẹ̀ jáde ní 1960. Ẹnu Mamadou Kouyaté, jẹ́lí kan láti Djeliba Koro ní agbègbè Siguiri, ni ó ti gbà á. Jẹ́lí ni àwọn Mandé ń pe ẹni tí Ọ̀yọ́ ń pè ní arọ́kin. Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ náà dùn: ọmọ tí kò lè rìn dìde, ó sì fa igi oṣè tu fún ìyá rẹ̀. Àléébù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Soumaoro. Yàrá rẹ̀ kún fún awọ ènìyàn àti orí àwọn ọba mẹ́sàn-án. Ó gba ìyàwó Fakoli, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ohun tí Sosso ń jà fún kò hàn sí òǹkàwé. Ó yẹ kí ó rántí pé ìdílé Kouyaté ni jẹ́lí ìdílé Keita láti ìgbà Balla Fasséké. Ẹlẹ́rìí náà jẹ́ ti ilé olùborí. Àgbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Wa Kamissoko, jẹ́lí Kirina gan-an, sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún Youssouf Tata Cissé. Nínú La grande geste du Mali (1988), Soumaoro fẹ́ fòpin sí títa ènìyàn lẹ́rú, àwọn Mandé sì kọ̀ fún un. Bóyá ìyẹn náà ní àbùmọ́. Síbẹ̀, ó dá ohùn padà fún ẹni tí ó ṣubú.

Ní Abobo, ní àríwá Abidjan, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Keita, Kanté àti Kourouma, tí wọ́n pe ara wọn ní ọmọ Fakoli, jọ ń gbé àdúgbò kan náà, jẹ́lí sì ń ki oríkì oníkálukú. Lẹ́yìn ìbò 2010, ogun dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2011, àwọn ológun Laurent Gbagbo yìnbọn lu àwọn obìnrin tí ń fẹ̀hónú hàn, méje kú. Ní ọjọ́ 17, àgbá ọta bọ́ sí ọjà, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogún. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n Ibrahim Coulibaly, tí ó kó àwọn ọmọ ogun Abobo jagun lòdì sí Gbagbo, kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin lọ́wọ́ ìhà tí ó borí. Fakoli kúrò lọ́dọ̀ Soumaoro, Soundjata sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ti Coulibaly kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Yopougon, wọ́n pa àwọn tí a fura sí pé wọ́n wà lẹ́yìn Gbagbo. Gbagbo fúnra rẹ̀ gba ìdáláre ní Hague ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2021.

Nítorí náà, àṣìṣe ni bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń fi ìwé Niane nìkan kọ́ ọmọ ní ogun Kirina. Kí wọ́n tẹ ìtàn Kouyaté àti ti Kamissoko pọ̀ sínú ìwé kan, kí ọmọ Keita àti ọmọ Kanté tí wọ́n jọ jókòó sórí àga kan náà lè kà á pọ̀.