Ìlà Tí Mo Fà Sáàárín Ọpọlọ

Ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà kan rí, mo jẹ yín ní gbèsè kan. Mo máa ń ya ọpọlọ sójú pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì là á sí méjì: òsì ló ni èdè, ọ̀tún ló ni orin. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ sì fi yege ìdánwò. Ẹ̀kọ́ yẹn kò pé.

Ó níbi tó ti wá o. Lọ́dún 1861, ní Paris, Paul Broca yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, “tan” nìkan ló kù tí ọkùnrin náà ń sọ. Iwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ti bàjẹ́. Ẹ̀rí gidi nìyẹn: bí ọ̀nà bá já, iṣẹ́ á dúró. Àmọ́ èmi fò láti ibẹ̀, mo ní ibì kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn ló yà wọ́n. Ohùn tó ń lọ sókè sódò yìí, ṣé èdè ni àbí orin? Lọ́dún 1998, Jackson Gandour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ Thailand, tí èdè wọn ní ohùn bíi tiwa, àti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fetí sí ohùn èdè Thai. Iwájú òsì ọpọlọ àwọn ọmọ Thailand jí sí iṣẹ́ náà. Ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró kan náà ni wọ́n gbọ́. Èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn ló yàtọ̀.

Níbo wá ni kí n fi dùndún sí? Ní Cultural Centre, Mọ́kọ́lá níbí, ìyáàlù kan náà ló ń kì wá, òun náà ló ń mú wa jó. Ẹni tó gbédè ìlù á gbọ́ orúkọ baba rẹ̀. Àlejò á kàn máa mirí. Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èyí lọ́dún 2021: wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ ya ọ̀rọ̀ dùndún sọ́tọ̀ kúrò lára orin rẹ̀. Wọ́n rí i pé mímọ ìlù náà tẹ́lẹ̀ ní ipa tó ń kó. Iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ wọn kò wo inú ọpọlọ. Iṣẹ́ ṣì kù.

Bíríìjì Mọ́kọ́lá fi ibi tí ọkọ̀ lè gbà hàn wá. Kò sọ ẹni tó ń lọ Sábó, kò sì sọ ẹrù tó gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, ẹ bá mi nu ìlà yẹn kúrò lójú pátákó.