Okùn, Páálí àti Márùndínláàádọ́ta: Kíka Ìwé Helen Verran ní Houston

Ìwé Helen Verran, Science and an African Logic, tó jáde ní ọdún 2001, kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní òǹkà Yorùbá. Fún àwa tí a wà ní Houston, iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ kan tó ròyìn níbẹ̀ ló wúlò jù.

Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gíga ènìyàn. Ó fún wọn ní okùn àti páálí kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Wọ́n gé okùn ní ìwọ̀n gíga ọmọ, wọ́n wé e mọ́ páálí, wọ́n sì kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Odidi ló ṣáájú, ìpín ló tẹ̀lé e.

Ohun ìyìn ni pé Verran padà ṣe àríwísí ìtumọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé àríyànjiyàn lórí ọgbọ́n-orí gba àyè ju ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín. Ìlànà ìṣirò tí ìpínlẹ̀ Texas fọwọ́ sí ní ọdún 2012 ní kí ọmọ kíláàsì kìíní máa tú nọ́ńbà ká, kí ó sì tún un tò, títí dé 120. Òbí tó há táìmù-tébù sórí lè rí i bí àjèjì. Ṣùgbọ́n márùndínláàádọ́ta ti ṣe iṣẹ́ náà: ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni àádọ́ta, àádọ́ta dín márùn-ún ni 45. Ní ọdún 1887, míṣọ́nnárì Adolphus Mann ti so ètò yìí mọ́ kíka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún dé ogún.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ òǹkà bí orin àkọ́sórí lásán, a ń fi ìṣirò inú rẹ̀ ṣòfò. Ọmọ tó ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún láì mọ ohun tí “lé” àti “dín” ń ṣe, orúkọ ló mọ̀. Kò tíì mọ òǹkà. Ẹ fún un ní ọgọ́ta ìlẹ̀kẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ mẹ́wàá, kí ó sì yọ márùn-ún sí i, kí ó tó pe márùndínláàádọ́ta.