Aṣọ Gẹ́gẹ́ bí Ìwé: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Ìwé Aṣọ Alájọṣe Kan ní Sùúrùlérè

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìwé aṣọ kan tí àwọn obìnrin mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ fi ọwọ́ rán ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: bí a bá gé àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ láti fi ṣe ojú-ewé tuntun, ṣé ìwé ni a ṣe ni, àbí ìwé ni a ya? A lo ìmọ̀ àmì àti èrò Yorùbá nípa aṣọ láti fi hàn pé àdìrẹ ti jẹ́ ohun kíkà kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Àbájáde wa ni pé ìwé náà kẹ́sẹ járí níbi tí ó ti lo àkísà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó kùnà níbi tí ó ti lo àdìrẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìrírí àgbà ni a sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé òwe náà ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó ń sọ ni pé aṣọ tí ó ti gbó kì í ṣe pàǹtírí; ìtàn ni.

Lóde òní, àwọn ọ̀rẹ́ a máa péjọ láti fi èérún aṣọ, òwú, bọ́tìnnì àti àwòrán ṣe ìwé tí a ń ṣí ní ewéewé. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni àṣà yìí ti wá. A kò fara mọ́ èyí pátápátá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ti mọ ìwé oríṣiríṣi ìrán, èyí tí wọ́n ń lẹ àpẹẹrẹ ìṣẹ́tí aṣọ àti ojú abẹ́rẹ́ mọ́ fún ìdánwò. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ìwé tí a ń yẹ̀ wò yìí kò wá máàkì. Ìrántí ni ó ń wá.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú àjèjì kọ́ ni a fi wo iṣẹ́ yìí. Ìyàwó òǹkọ̀wé wà lára àwọn mẹ́fà náà, àdìrẹ tí wọ́n sì gé jẹ́ ti ìyá òǹkọ̀wé, tí ó ti di olóògbé. Inú bí wa nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe lámèyítọ́. Ìdí nìyí tí a fi dúró títí ọkàn fi rọlẹ̀ kí a tó mú kálámù.

Aṣọ gẹ́gẹ́ bí ohun kíkà

Charles Sanders Peirce, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pín àmì sí ọ̀nà mẹ́ta: àmì tí ó jọ ohun tí ó dúró fún, àmì tí ohun kan fi sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń fi ipa sílẹ̀ lórí ilẹ̀, àti àmì tí àwùjọ fi ẹnu kò sí. A ó pè wọ́n ní àmì ajọra, àmì ipasẹ̀ àti àmì àdéhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, nínú ìwé tí ó ṣe jáde ní 2014 lórí iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá, tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè lóye iṣẹ́ ọnà wa bí a bá yọ èdè, pàápàá oríkì, kúrò nínú rẹ̀. Èrò méjèèjì yìí ni òpó tí iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aládìrẹ yóò se làfún bí ẹ̀kọ, yóò fi álọ́ọ̀mù sí i, yóò sì fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sára aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, yóò rì í sínú aró léraléra. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè mú un dáadáa. Lẹ́yìn èyí, a ó ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà yóò sì hàn. Ojú kan ni a ń kọ. Ẹ̀yìn aṣọ a máa dúró ní aró láìní ọnà tí ó já gaara. Nítorí náà, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ojú àti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ojú-ewé. Ó ní ìlà àti àpótí tí a pín in sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní àkọlé: Olókun, Ìbàdàndùn, Olọ́ba. Ti Olọ́ba rántí ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́, èyí tí wọ́n ṣe ní 1935. Jane Barbour àti Doig Simmonds kó irú orúkọ ọnà báwọ̀nyí jọ nínú ìwé kan tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1971.

Kì í ṣe pé a gbà pẹ̀lú àwọn tí ń wá òwe sínú gbogbo ilà tí ó wà lára àdìrẹ. Ẹyẹ lè jẹ́ ẹyẹ lásán. Ohun tí a ń sọ ni pé àpapọ̀ ọnà ni ó ń bí àkọlé, bí àpapọ̀ ẹrù inú àrokò ṣe ń bí iṣẹ́ tí a rán. Bí a bá yọ ẹyọ kan nínú àrokò, ọ̀rọ̀ yóò yí padà.

Aṣọ alájọṣe náà kì í ṣe tuntun. Ẹ̀kú eégún ilé jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì: bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọmọ ilé a máa fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìran mélòó kan fi ń wà lára ẹ̀kú kan. Ní Àgbómẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi ń gé àwòrán ìtàn àwọn ọba Dàhómì. Ní Amẹ́ríkà, Faith Ringgold, tí ó kú ní 2024, rán ìtàn sára aṣọ ìbora. Èyí tí ó pè ní Tar Beach ní 1988 di ìwé ọmọdé ní 1991.

Àpèjúwe ìwé náà

Ewé méjìlá ni ìwé Sùúrùlérè yìí ní, méjì láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Wọ́n fi gọ́ọ̀mùsítéè, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń fi sí kọ́là, sí àárín ewé kọ̀ọ̀kan kí ó lè dúró. Èérún aṣọ tí ó kù lọ́wọ́ àwọn télọ̀ ní Tejúòṣó, ní Yábàá, ni wọ́n fi pọ̀ jù nínú ẹ̀yìn ewé. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń péjọ, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì lò, nítorí pé iná mànàmáná kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Ewé mẹ́ta ni ó gba àkíyèsí jù. Èkíní sọ̀rọ̀ nípa ẹbí kan tí wọ́n kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè nígbà tí ìjọba ń wó ilé lẹ́yìn 1955. Òwú pupa kan ṣoṣo gba àárín aró kọjá, láti ilé kékeré kan dé òmíràn, kò sì sí afárá lábẹ́ rẹ̀. Èkejì jẹ́ àkójọ aṣọ ẹbí. Ẹ̀kẹta ni ewé ọ̀já: èérún aṣọ tí a fi pọn ọmọ mẹ́rin, tí etí rẹ̀ ti ya níbi tí a ti ń so ó.

Ìtúpalẹ̀

Ewé aṣọ ẹbí ni ó dára jù lójú tiwa. Aṣọ kan náà ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ rà fún ìgbéyàwó kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gé díẹ̀ wá nínú tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àtúnwí lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ṣì nítorí fífọ̀. Òmíràn ní ihò abẹ́rẹ́ níbi tí a ti tú u nígbà tí ara ẹni tí ó ni ín sanra lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀kan mọ́ fínnífínní nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò lè lọ síbi ayẹyẹ náà. Àdéhùn ni aṣọ ẹbí: ó ń sọ pé ọ̀kan náà ni wá. Àmì ipasẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ pé ayé wa kò rí bákan náà. Ìjà tí ó wà láàárín gbólóhùn méjì yìí ni ó sọ ewé náà di lítíréṣọ̀. Ewé ọ̀já náà ṣe bẹ́ẹ̀: ibi tí ó ya ni ó ń sọ̀rọ̀ jù.

Àléébù kìíní ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lé aṣọ. Lórí ewé mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìfẹ́, ìrántí àti ayọ̀. Aṣọ ti sọ èyí tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, kí ni ó dé tí oríkì àwọn tí ó ni aṣọ kò fi sí níbẹ̀?

Àléébù kejì ni pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ní iṣẹ́ àjọṣe ni, pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìka inú àgbájọ ọwọ́ kò dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Bruce Onobrakpeya, tí ó fi Papa Àjàó ní Mùṣin ṣe ibùjókòó iṣẹ́, dá àpéjọ àwọn oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní 1998. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹni a máa jẹ́ mọ́ ẹni. Orúkọ ọ̀pọ̀ obìnrin aládìrẹ ti sọnù. Kò yẹ kí a fọwọ́ ara wa fi kún wọn.

Ìbàdàndùn tí a gé

Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n gé àdìrẹ náà sí. Ìbàdàndùn ni. Ohun tí ó fún aṣọ yìí ní orúkọ ni àpótí tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Nínú ìwé yìí, ewé kan ṣoṣo ni ó ní òpó. Àwọn márùn-ún yòókù ní ẹyẹ àti ewé igi. Ẹni tí ó bá ń ka márùn-ún yìí kò lè mọ̀ pé ìlú kan wà nínú wọn. Níbi yìí, ìwé ni wọ́n ya.

Nígbà tí a sọ èyí, ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ṣé inú àpótí ni ẹ fẹ́ kí aṣọ Màmá parẹ́ sí?” A kò rí èsì fún un. Ọdún mọ́kànlá ni aṣọ náà ti wà nínú àpótí, kòkòrò sì ti ń jẹ etí rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò tú u wò rí. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí a rí òpó àti ṣíbí lórí ewé kẹsàn-án ni a tó lọ bi àbúrò ìyá wa léèrè, òun ni ó sì pe orúkọ aṣọ. Ó ní owó tí ìyá wa kọ́kọ́ pa ní Ìbàdàn ni ó fi rà á, kí ó tó bá ọkọ wá sí Mùṣin, àti pé ọjọ́ tí ó bá fẹ́ dá jókòó ni ó máa ń ró o.

Ẹ̀rí yìí yí ìtumọ̀ padà. Obìnrin tí ó ró Ìbàdàndùn ní Ìbàdàn ń yin ìlú rẹ̀. Èyí tí ó ró o ní Mùṣin ń sọ ohun mìíràn, bóyá ohun tí kò lè fi ẹnu sọ fún ọkọ àti ọmọ. Gbólóhùn kan náà ni. Ibi tí a ti sọ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ọmọ tí a bí sí Mùṣin, tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ àmì, wà nínú ilé náà, kò ka gbólóhùn yìí títí wọ́n fi gé e.

Àgbálọgbábọ̀

A kò lè dá àwọn tí ó gé aṣọ lẹ́bi ju ẹni tí ó ti àpótí pa lọ. Síbẹ̀, àléébù náà wà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a ya àwòrán odindi àdìrẹ kí a tó gé e. Kí a béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà nígbà tí àgbà ṣì wà. Kí a má sì ya àpótí tí ó fún un ní àkọlé nípá. Ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní ọnà: ibẹ̀ ni ó yẹ kí á fi òwú rán orúkọ aṣọ, orúkọ ẹni tí ó ró o àti ti ẹni tí ó gé e sí. Àwọn olùkọ́ Yorùbá àti àwọn olùkọ́ ìtọ́jú ilé lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí, kí ìwé oríṣiríṣi ìrán tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lè di ìwé tí ìdílé rẹ̀ lè kà.

Àwọn ọ̀rẹ́ náà ti gbà láti tú ewé kẹsàn-án, kí wọ́n lè rán Ìbàdàndùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí òǹkọ̀wé wá fọwọ́ ara rẹ̀ rán orúkọ ìyá rẹ̀. A ti ń kọ́ bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú.