Ojú Ìránṣọ, Ojú Ìṣó

Ní Kantamanto, ọjà òkìríkà láàrin ìgboro Accra, télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í fi àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀. Abẹ ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹnì kan ti ra kóòtù òkìríkà tó tóbi jù ú lọ, ó fẹ́ kó bá òun mu. Télọ̀ á yí kóòtù náà sódì, á fi àtàǹpàkò wá ibi tí apá ti so mọ́ èjìká, á fi ṣóńṣó abẹ já ẹyọ òwú kan, á fo mẹ́ta mẹ́rin, á tún já òmíràn, á wá di ẹnu òwú mú, á fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá kóòtù á bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò síbi tó fàya. Ohun tó kù létí aṣọ ni ìlà ihò wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ dá sí i, ìlà yẹn ni ọ̀gá télọ̀ sì ń wò kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ihò tó tò lọ́gbọọgba, ẹ̀rọ ló rán an. Èyí tó ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, ọwọ́ ni. Ibi tí ìlà bá ti di méjì, ẹnì kan ti dín kóòtù yìí kù rí, kó tó di ohun tí wọ́n dì sínú béèlì, kó tó rékọjá òkun.

Ariwo ọjà kì í jẹ́ kí èèyàn rí iṣẹ́ yìí. Àjọ The Or Foundation, tó ń bá àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ ṣiṣẹ́, fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ẹyọ aṣọ ló ń wọ Kantamanto lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọjà náà sábà máa ń rí ni ìdọ̀tí aṣọ tó ń dé etíkun, àti iná tó jó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti télọ̀ yóò rí ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń wá ọkọ̀ ojú omi nínú ilẹ̀ ni mo tún ti mọ irú rẹ̀: wọ́n ń wo ibi tí oníṣẹ́ tó ti kú ti so nǹkan méjì pọ̀, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn Viking, atukọ̀ ilẹ̀ Norway, Denmark àti Sweden láyé àtijọ́, a máa sin ẹni ńlá wọn sínú ọkọ̀. Wọ́n á wọ́ ọkọ̀ náà gòkè, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ lé e títí yóò fi di òkìtì. Ní Gjellestad, nítòsí Halden ní Norway, àwọn àgbẹ̀ ti túlẹ̀ lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 2018, àwọn awalẹ̀pìtàn NIKU, àjọ ìwádìí ohun àjogúnbá Norway, gbé ẹ̀rọ réédà gba orí pápá náà lọ síwá sẹ́yìn. Réédà ń ju ìgbì rédíò sínú ilẹ̀, ó sì ń gba èyí tó bá padà wá. Kì í rí igi. Ohun tó ń rí kò ju pé ilẹ̀ ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún: èyí lómi jù ú lọ, èyí le jù ú lọ. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni yóò pinnu èwo nínú àwọn àbàwọ́n wọ̀nyẹn ni gbòǹgbò, èwo ni kòtò lásán, èwo ni ọwọ́ èèyàn. Wọ́n rí òbìrìkìtì kan, ìyẹn yàrà tó yí òkìtì àtijọ́ ká. Láàrin rẹ̀ ni ohun gbọọrọ kan wà tó ṣe ṣóńṣó níwájú, tó ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 20, tí orí rẹ̀ ò sì jìn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Kò sí ṣọ́bìrì tó tíì kan ilẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣí fìlà fún wọn jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu wọn. Ní Meols, lẹ́bàá Liverpool, àwọn tó ń tún ilé ọtí Railway Inn kọ́ ní 1938 bá ọkọ̀ onípákó àtijọ́ kan pàdé nínú amọ̀. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n bò ó padà kí iṣẹ́ má baà dúró. Ọ̀kan nínú wọn kò gbàgbé, ọmọ rẹ̀ sì ya àwòrán ohun tí bàbá òun rí sílẹ̀ ní 1991. Nígbà tó di 2007, Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Harding ti Yunifásítì Nottingham lo réédà níbẹ̀, ìrísí ọkọ̀ sì jáde lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní ó jọ ọkọ̀ tí wọ́n kàn bíi ti àwọn ará àríwá Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sọ̀yà pé ti Viking ni, nítorí ayé Viking ti kọjá tán, wọ́n ṣì ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. “Ó ṣeé ṣe” náà ló fi í sí. Télọ̀ tó bá ń yára sọ ohun tó wà nínú aṣọ kó tó tú u, aṣọ oníbàárà ló ń fi kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n wa Gjellestad láti 2020, olú ti jẹ igi ọkọ̀ náà bà jẹ́ gan-an. Ìṣó irin tó ti dípàtà ló kù jù. Ìṣó yẹn sì tó ìwé kà. Pákó kan ló máa ń gun etí èkejì díẹ̀. Wọ́n á gba ìṣó láti ìta wọnú, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ oníhò kọ́ ẹnu rẹ̀ nínú, wọ́n á gé èyí tó yọ, wọ́n á lù ú pa. Nítorí náà ìṣó kọ̀ọ̀kan lórí níta, ó tún lórí nínú. Bí igi bá jẹrà tán, àlàfo tó wà láàrin orí méjèèjì ni ìnípọn pákó méjì. Àlàfo láti ìṣó kan sí èkejì ni ìwọ̀n ọwọ́ ẹni tó kàn án. Ìpẹtà pàápàá a máa gba ojú igi mọ́ra, tí wọ́n fi lè rí ibi tí iṣan pákó kọjú sí.

Basil Brown ni mo kà sí ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ kò sì ka ìwé yunifásítì. Ní 1939, ní Sutton Hoo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wa òkìtì kan tó ti wà kí Viking tó dé ibẹ̀, ni ìṣó irin bá ń jáde. Ó ti rí irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú nínú òkìtì mìíràn, ó sì dá a mọ̀. Kò fà á yọ. Ó fi ìṣó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níbi tó wà, ó ń gba iyanrìn kúrò láti inú bọ̀ wá síta. Bó bá ti kan ibi tí iyanrìn ti pàwọ̀ dà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Igi kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, nígbà tó ṣe tán, ọkọ̀ tó gùn tó nǹkan bíi mítà 27 là kalẹ̀ nínú iyanrìn, ìlà pákó kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ibì kan wà tí ìṣó ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe rí kó tó di pósí.

Irú ọ̀nà báyìí kò ran èèyàn lọ́wọ́ ní Dufuna. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga lábúlé yẹn, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Yobe lónìí, ó sì kan igi líle ní nǹkan bíi mítà 5 sísàlẹ̀. Abubakar Garba ti Yunifásítì Maiduguri àti Peter Breunig láti Frankfurt ló wá ṣáájú iṣẹ́ wíwà á jáde. Ọkọ̀ ni, ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ó gùn tó mítà 8.4, kò fẹ̀ ju ìdajì mítà lọ. Kò ní ìṣó, kò ní ojú ìsopọ̀, igi kan ṣoṣo ni, a ò sì rí ohun tí a máa tú. Òkúta ni irinṣẹ́ ìgbà náà. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ láti inú kò lè rí ẹ̀yìn ibi tó ń gbẹ́, bẹ́ẹ̀ igi tí a bá gbẹ́ kọjá ààlà, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Níbi tó ti ku bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ló ti dáwọ́ dúró. Ó fá iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣóńṣó, ó dán. Breunig gbà pé irú ọnà bẹ́ẹ̀ ti ní ìran àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́yìn tipẹ́tipẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀: ọwọ́ àkọ́kọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Etíkun Accra kò jìnnà sí Kantamanto, ọkọ̀ apẹja tó wà níbẹ̀ sì da ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ odindi igi, arère tiwa náà ni, wọ́n á ti gbẹ́ ẹ nínú igbó kí wọ́n tó gbé e wá sétí òkun. Káfíńtà ni yóò wá kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè ga ju ìgbì lọ. Ibi tí pákó ti pàdé odindi igi yẹn ni kí ẹ wò: ìṣó tò lọ, àwọn kan ti dípàtà, àwọn tuntun ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ihò àtijọ́ tí wọ́n ti dí wà láàrin wọn. Ọ̀dà pupa, búlúù àti yẹ́lò bò ó débi pé àlejò kò ní rí i. Káfíńtà á fọwọ́ ra á lọ, á sọ fún ọ èwo ni tòun, èwo ni ti ẹni tó ti ṣe é ṣáájú, á sì fi ti onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.